Bàbá Dígí àti Ìwé Ọlọ́jọ́ Mọ́kànlélógún

Ó yẹ kí a kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kì í kọjá lára gíláàsì kó má nù ún. Gíláàsì tirẹ̀ ni o, gíláàsì ẹlòmíràn ni o, gíláàsì mọ́tò tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí onímọ́tò sì jókòó sínú rẹ̀ ni o, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Yóò dúró, yóò fa àkísà funfun kan yọ nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, yóò mí hàà sí i, yóò nù ún láti òkè wá sílẹ̀, yóò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tó ti kí àgbà tán. Onímọ́tò kan bú u nígbà kan pé olè ni, pé gíláàsì òun ló fẹ́ yọ. Ó ní kó má bínú, ó sì nu ti apá kejì.

Kì í ṣe àrùn. Iṣẹ́ ló fi í sí i lára. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ó fi so okùn mọ́ ìdí, tó ń rọ̀ dirodiro lára àwọn ilé gogoro, garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà ìnugíláàsì lọ́wọ́, tó ń wo àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì bí wọ́n ṣe ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó rí lẹ́yìn gíláàsì pọ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Dígí. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lókè níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ìkòríta, ó sì ṣí ilé oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Òun ló ń gbé e fún oníbàárà, tó ń kó àwo, tó sì ń nu gíláàsì ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Gíláàsì náà mọ́ débi pé èèyàn mẹ́ta ti fi iwájú orí gbá a, tí wọ́n rò pé ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni.

Oúnjẹ ibẹ̀ dùn. Lọ́sàn-án, àga kì í tó. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á yọ orí wọlé, wọ́n á béèrè pé, "Ṣé bíà tútù wà?" Bàbá Dígí á ní, "Omi tútù ló wà." Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, wọn ò tíì dé. Tó bá wá di aago mẹ́fà, tọkọtaya náà á ti ilẹ̀kùn, nítorí àga òfìfo kì í jẹun.

Bàbá Dígí fúnra rẹ̀ kì í mu ọtí. Ẹni tó ti rọ̀ lára àjà kẹrìnlá rí kì í fi ohun tó ń mú ẹsẹ̀ èèyàn yẹ̀ ṣeré. Ìwé tí òun àti lánlọ́ọ̀dù jọ fọwọ́ sí ló kó o sí wàhálà. "Ilé oúnjẹ àti ọtí" ni lánlọ́ọ̀dù kọ síbẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ti gba ìwé àṣẹ ọtí títà kí ọdún kan tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ni Bàbá Dígí ti fi ń kó ìwé jọ: ìwé àwọn panápaná, ìwé àwọn onímọ́tótó, ìwé ẹni tó wọn fífẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìwé tó fi hàn pé kò ṣẹ̀wọ̀n rí, àti ìwé tó fi hàn pé ìwé tó ṣáájú kì í ṣe ayédèrú. Ó wá ku oṣù kan péré kí ọdún pé. Lánlọ́ọ̀dù sì ti ń mú ọkùnrin kan tó ń ta ike ẹ̀yìn fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí ọkùnrin náà ń fi teepu wọn ògiri bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun lọ́wọ́.

"Ẹ má jẹ́ ká dí yín lọ́wọ́ o," ni lánlọ́ọ̀dù á máa wí fún àwọn oníbàárà. "Ẹ kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó lè wọn ẹ̀yìn yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, bí tọkọtaya náà ṣe ń palẹ̀ mọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì ìwé àṣẹ dé. Géńdé kan tó gún régé ni, tí aṣọ rẹ̀ kò ní ìwúnjọ kankan, tí ojú rẹ̀ náà kò sì ní. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé pupa ńlá kan mọ́ àárín gíláàsì iwájú.

"Ìwé yìí ló máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹ fẹ́ máa ta ọtí," ó wí. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa fi wà níbẹ̀, láti òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó kọ̀wé wá bá wa. Tó bá kúrò lára gíláàsì, a máa tún ọjọ́ kà láti ení."

"Láti ení?"

"Ení, èjì, ẹ̀ta."

Bàbá Dígí ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró. Ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò parí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù; ìgbìmọ̀ ìwé àṣẹ yóò jókòó ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n; ọdún lánlọ́ọ̀dù yóò pé ní ọgbọ̀njọ́. Tí wọ́n bá tún un kà láti ení, ike ẹ̀yìn fóònù ni yóò máa jọba nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Akọ̀wé lọ. Ilẹ̀kùn tì. Ìyàwó Bàbá Dígí wọ ìdáná lọ gbé ìkòkò, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, gíláàsì ń dán bí omi òwúrọ̀, ọkọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà, ìwé pupa sì wà lórí tábìlì, tí ó ti ká a sí mẹ́rin dáadáa.

"Bàbá Dígí!"

"Hẹ̀n?"

"Kí lẹ̀ ń nù?"

"Gíláàsì."

"Ìwé tó wà lára ẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo gíláàsì. Ó wo tábìlì. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ẹni tó pè é wá.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Èmi ò sí níbẹ̀."

"A ní kí ẹ wá fẹ́ wa lójú, ẹ fi ata sẹ́nu! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin yín, ẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n dúró ná, kẹ́ ẹ nu pósí!"

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti gbé pẹ̀lú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a kì í fi agídí gba àṣà lọ́wọ́ ẹni. Àdéhùn ni wọ́n ṣe. Láti àárọ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyàwó á ti àkísà náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù àwo, kọ́kọ́rọ́ á sì wà ní àyà rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ti tì, á dá a padà fún ọkọ rẹ̀. Bàbá Dígí á yọ ìwé, á fọ gíláàsì, á nù ún gbẹ, á sì sá ìwé náà sórí okùn inú ìdáná, láàárín àwọn aṣọ ìnu-àwo. Láàárọ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, á fi omi ọṣẹ tó pò lọ́nà tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, ìwé á sì mú gíláàsì bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Lójú rẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwé ń lọ sùn nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ sùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ka ìwé náà ni Màmá Tíṣà, tó ń gbé lókè ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti orin. Ìjọba ti ní kó lọ sinmi, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó tíì gbọ́. Ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, tó bá ti ra búrẹ́dì rẹ̀ bọ̀, á dúró níwájú gíláàsì, á ka ìwé pupa náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò kà á rí, á yọ ìwé àjákọ kan nínú báàgì, á kọ nǹkan sí i, á sì wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Bàbá Dígí kí i ní ọjọ́ kẹta.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ̀wé ta kò ẹ́ o."

"Ẹ ṣeun mà. Ẹ jókòó."

"Èmi? Nínú ilé ọtí?"

"Kò tíì di ilé ọtí mà."

"Ó dáa. Bu tíì wá, kó tó dì í."

Ó gbé tíì wá. "Ojú ewé mélòó ni ìwé yẹn mà?"

"Mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ kọ, mo wá rí i pé mo ti ṣàánú ẹ jù."

"Kí ni mo ṣe yín gan-an mà?"

"O ò tíì ṣe é. Gbọ́, ọtí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Orin tó ń tẹ̀ lé ọtí ni mo ń bá jà. Mo mọ ohun tó máa ń jáde lẹ́nu èèyàn nígbà tí ojú ẹ̀ dá. Wá fi ife mẹ́ta lé e, kó o wá gbé e sábẹ́ fèrèsé mi!"

Ìyàwó Bàbá Dígí nahùn láti inú ìdáná. "Màmá, ṣé kí n fi mílíìkì sí i?"

"Fi sí i, ọmọ mi. Ìjà ò dé inú tíì."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́. Màmá Tíṣà á ka ìwé, á kọ tirẹ̀, á mu tíì, á rán Bàbá Dígí létí pé òun ò fẹ́ ẹ níbẹ̀, á sì kí i pé ó dàárọ̀ ọ̀la. Kò sí ẹlòmíràn tó ta kò ó. Ọjọ́ ń lọ geere. Bàbá Dígí tiẹ̀ ti ń wo àwọn ife ọtí ní ọjà, kì í ṣe nítorí ọtí o, nítorí gíláàsì ni wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, akọ̀wé ń lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì gba ìkòríta náà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé pẹ̀lú lẹ́tà.

"Ìwé yín ò sí níbẹ̀ lánàá. Mo fi ojú ara mi rí i pé mi ò rí i."

"Ó wà níbẹ̀ báyìí," ni Bàbá Dígí wí.

"Mo rí i. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ẹ wá ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àkísà kò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ìwé pupa wà lára gíláàsì tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá Dígí fi kọ ẹ̀yìn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ bá oníbàárà. Lánlọ́ọ̀dù gbọ́, ó sì tún mú oníke fóònù wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wọn àjà.

"Ẹ sọ fún wọn pé atẹ́gùn ló gbé e," ni ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn.

"Atẹ́gùn wo ló ń gbé ìwé lọ nírọ̀lẹ́, tó ń dá a padà láàárọ̀?"

"Atẹ́gùn tó ní ẹ̀kọ́ ilé."

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù pé. Yàrá ìgbìmọ̀ wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, tí àga onígi wà lára ògiri rẹ̀, tí aago kan sì wà lókè tó ti kú ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Obìnrin kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ tutù, ni alága. Ó wọ awò ojú kan tí Bàbá Dígí rí látẹnu ọ̀nà, tí ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́: àmì ìka ló kún inú, páúdà ló kún ìta. Màmá Tíṣà ti jókòó síwájú, pẹ̀lú ojú ewé mọ́kànlá rẹ̀ lórí itan. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn.

"Bàbá," ni alága wí, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ yọ ìwé náà?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbúnwọ́ gún un níhà. "Atẹ́gùn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá Dígí dìde. "Òótọ́ ni mà. Mo yọ ọ́."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ mà, títí ọ̀gá yìí fi kọ̀wé sí mi."

"Kí ló fà á?"

"Gíláàsì ni mà. Ó ń dọ̀tí."

Alága wò ó títí. Ohun tó rí nípasẹ̀ awò ojú yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Kò sí ohun tí a lè ṣe," ó wí. "Ìwé náà ti bàjẹ́. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ení. Màmá, ìwé àtakò tí ẹ̀yin náà kọ ti bàjẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, torí orí ẹ̀ ló dúró lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lè kọ òmíràn."

Màmá Tíṣà dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọmọ kíláàsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ju nǹkan lù lẹ́yìn.

"Kí ló bàjẹ́?"

"Ìwé yín mà."

"Ìwé tèmi? Ojú ewé mọ́kànlá? Èmi ni mo máa ń fún èèyàn ní òdo. Ẹnikẹ́ni ò tíì fún èmi rí!" Ó fa ìwé àjákọ rẹ̀ yọ, ó ṣí i. "Ọjọ́ kìíní, aago méje àbọ̀, ìwé wà. Ọjọ́ kejì, ìwé wà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ìwé wà, igun òsì ẹ̀ ká díẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìwé wà láàárọ̀, ó sì tún wà ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo padà lọ mú agbòjò mi. Ìwọ, ọ̀dọ́mọkùnrin, aago mélòó lo kọjá níbẹ̀?"

"Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mà," ni akọ̀wé wí.

"Dìde tó o bá ń bá mi sọ̀rọ̀."

Akọ̀wé ti wà lórí ìdúró kí ó tó rántí pé òun ni ìjọba gbà síṣẹ́.

"Aago mélòó ni ilé oúnjẹ yẹn máa ń tì?"

"Mi ò mọ̀ mà."

"Aago mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn lára ọkùnrin yìí nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sí ojú ewé keje. Gbé òfin ẹ fún alága, kí wọ́n ka ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀."

Alága gba ìwé òfin. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tì í jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. "Lẹ́tà yìí mà kéré o," ó wí.

Bàbá Dígí ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó wí, "ẹ dákun, awò ojú yín." Ó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn, ó bá a lófìfo. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì fa àkísà funfun náà yọ. Ó ti mú un dání láti ilé. Obìnrin kì í sin irú ọkọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́wọ́ òfo.

Bàbá Dígí gba awò ojú náà, ó nù ún, inú àti ìta. Alága gbé e wọ̀. Ó wo òfin, ó wo akọ̀wé, ó wá wo ògiri ẹ̀yìn yàrá.

"Àṣé àwòrán wà níbẹ̀ yẹn!" ó wí. Lẹ́yìn náà ló wá kà á sókè: "'Kí ó hàn gbangba sí ẹni tó ń kọjá, ní gbogbo àkókò tí ilé iṣẹ́ náà bá ṣí sílẹ̀ fún oníbàárà.'"

Akọ̀wé jókòó láìgba àṣẹ.

"Ó já sí pé ìwé náà péye," ni alága wí.

"Ó péye!" ni Màmá Tíṣà wí, bí ẹni tó borí ogun.

"Àtakò yín náà péye."

"Ó péye!"

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti la ọ̀nà fún ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ta kò?"

"Mo mọ̀. Mo ta kò ó. Mi ò ní kí n parọ́ mọ́ ọn. Ó yá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ka tèmi."

Ó kà á tán porogodo. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ sùn láti ojú ewé kẹrin dé ìkẹjọ, Bàbá Dígí sì mọ irú oorun náà. Ó ti ń wò ó láti ìta fún ọdún mọ́kàndínlógún.

"Tá a bá wá ní kí ẹnikẹ́ni má kọrin níbẹ̀ ńkọ́?" ni alága béèrè.

Màmá Tíṣà rò ó wò. "Ẹni tó bá mọ orin kọ lè kọ."

"Ta ló máa sọ pé ó mọ̀ ọ́n kọ?"

Gbogbo ojú yí sí ibì kan náà. Màmá Tíṣà tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa," ó wí, "tí kò bá sáà ti sí ẹlòmíràn."

Ìwé àṣẹ dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, nígbà tó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Lánlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ béèrè fún bíà tútù, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé àtìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Oníke fóònù náà wá. Ó jókòó, ó mu ún, ó sì wọn tábìlì. Ilé kún títí di aago mẹ́sàn-án, ìyàwó Bàbá Dígí ń bú oníbàárà tayọ̀tayọ̀ láti inú ìdáná, Màmá Tíṣà sì gba tábìlì ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, pẹ̀lú tíì rẹ̀ àti ife wáìnì kékeré kan tó ní àyẹ̀wò lòun fi ń ṣe. Lánlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni Màmá Tíṣà fi ìka lu tábìlì, tó ní kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé àṣẹ náà wá, nínú férémù onígíláàsì tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ ọ́fíìsì dí pa lẹ́yìn, ó sì kàn án mọ́ ògiri. Òfin ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Bàbá Dígí nu iwájú rẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rí i: àmì àtàǹpàkò akọ̀wé, ràgàjì, nínú gíláàsì lọ́hùn-ún, láàárín gíláàsì àti ìwé, ní ibi tí àkísà kankan kò lè dé.

Ọmọlúàbí ni, kì í rú òfin. Ó ti ń wò ó láti ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti tún ti àkísà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn oníbàárà ti dá sí i, Màmá Tíṣà sì ti kọ ojú ewé méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ò tíì kò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù wá lọ, tí òfin bá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí gíláàsì, ta ló wá yẹ kó nu inú ẹ̀?